Kí Àrọ̀kúrọ̀ Tó Tán: Ìmúra Ilé De Ọyẹ́ ní Adó-Èkìtì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Adó-Èkìtì gbà pé ìgbà tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ni à ń múra sílẹ̀ fún un. Ní Ọjà Ọba, ní ọjà Bísí, lẹ́bàá ọ̀nà láti Fájuyì dé Adébáyọ̀, oṣù Kejìlá ni àwọn tó ń ta súẹ́tà òkìrìkà máa ń na ọjà wọn sórí okùn, tí àwọn ọlọ́jà òrí náà ń bu tiwọn sínú ike kéékèèké. Ará ilé á ra ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ, wọ́n á yọ bùláńkẹ́ẹ̀tì jáde nínú àpótí, ó parí nìyẹn. Súẹ́tà dára, òrí dára. Ṣùgbọ́n òtútù òwúrọ̀ yẹn, tí oòrùn agogo mẹ́wàá ń lé lọ, kọ́ ló ń ba ilé jẹ́ láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta. Gbígbẹ ni. Gbígbẹ ló ń la ètè, òun ló ń la pákó ilẹ̀kùn, òun ló ń fa omi kànga sẹ́yìn, òun náà ló ń sọ koríko tí a fojú di lẹ́yìn ilé di oúnjẹ iná. Ẹni tó bá mọ̀ pé gbígbẹ ni òun fẹ́ bá jà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, nínú òjò àrọ̀kúrọ̀, ní oṣù Kẹwàá.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí gbígbẹ yìí ti ń wá. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ojú ọ̀run wa láàárín ọdún. Ọ̀kan ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó ru omi. Òun ló ń mú òjò wá láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn, kò sì ru nǹkan kan àfi eruku. Lópin ọdún, afẹ́fẹ́ òkun á fà sẹ́yìn, ti aṣálẹ̀ á sọ̀kalẹ̀, ó sì lè dé etíkun nígbà mìíràn. Èyí tó pọ̀ nínú eruku náà ń wá láti Bodélé, àfonífojì kan ní orílẹ̀-èdè Chad. Àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi ni afẹ́fẹ́ ti ń fún ara rẹ̀ gba ọ̀nà tóóró kó tó dé ibẹ̀, agbára rẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Láyé àtijọ́, nígbà tí Adágún Chad gbòòrò ju ti òní lọ fíìfíì, abẹ́ omi ni ilẹ̀ Bodélé wà. Èèpo àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tó gbé inú omi náà ló di ẹfun lẹ́búlẹ́bú tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri, tí òmíràn nínú rẹ̀ ń sọdá òkun lọ bà sórí igbó Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí eruku ọyẹ́ fi fúyẹ́ bẹ́ẹ̀, tó fi ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn tí a ti tì wọlé, tí ènìyàn á dúró ní Fájuyì lówùúrọ̀ oṣù Kìíní tí kò ní rí àwọn òkè tó yí Adó ká mọ́.

Afẹ́fẹ́ tí kò ní omi nínú, ibikíbi tó bá ti rí omi ni yóò ti fà á: lára wa, lára igi férémù, nínú ilẹ̀, lára ewé. Aṣọ tó ń gba ọjọ́ méjì lórí okùn ní oṣù Keje ń gbẹ kí a tó jẹun ọ̀sán tán ní oṣù Kìíní. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní Manchester tàbí Toronto mọ̀ ọ́n lọ́nà mìíràn. Bí yìnyín bá bo ìta, tí wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, afẹ́fẹ́ inú yàrá á gbẹ, ètè wọn á là, imú á máa ta wọ́n, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Àwọn ń bẹ̀rù kí omi má dì sínú páìpù kó sì bẹ́ ẹ. Àwa ń bẹ̀rù kí omi má tilẹ̀ sí.

Àgbàlá ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, eésún àti koríko tó hù yí ilé ká ti ga ju ọmọdé lọ, ó sì ṣì tutù. Bí a bá gé e báyìí, yóò jẹrà. Bí a bá fi í sílẹ̀ di oṣù Kejìlá, yóò gbẹ lórí ìdúró, ẹni tó bá gé e nígbà náà kò ní rí nǹkan mìíràn fi ṣe ju kó dáná sun ún lọ. Igbó tí a ń pè ní akíntọ́lá ló burú jù nínú gbogbo wọn. Ìparí ọdún ni òdòdó rẹ̀ ń tanná, lẹ́yìn náà irúgbìn rẹ̀ á máa fò kiri nínú ọyẹ́, á sì gbilẹ̀ ní gbogbo ibi tí òjò bá ti kọ́kọ́ kàn. Ewé rẹ̀ ní òróró nínú tó jẹ́ pé iná ń mú un kódà nígbà tí kò tíì gbẹ tán. Kí a hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kó tó tanná ni ọgbọ́n. Ó kéré tán, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá láti ara ògiri ni kí ilẹ̀ mọ́, kí ejò má rí ibi sá pamọ́ sí, kí iná tó bá ń bọ̀ láti oko ẹlòmíràn má rí ohun tí yóò gùn dé ilé.

Koríko tí a gé kì í ṣe ìdọ̀tí. Kòtò tó jìn dé orúnkún, lẹ́yìn ọgbà, tó fún un. Ìpele koríko tútù, ìpele ìgbẹ́ adìẹ tàbí ti ewúrẹ́, eérú ààrò díẹ̀, ilẹ̀ tín-ín-rín lórí rẹ̀, kí òjò tó kù nílẹ̀ sì rin ín. Nígbà tí a bá fẹ́ gbin àgbàdo ní oṣù Kẹta, ajílẹ̀ ti wà nílẹ̀ láì ná kọ́bọ̀. Èyí tí kò bá wọ kòtò, ẹ fi bo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ àti ọsàn, kí oòrùn má bàa fa omi ìdí wọn tán. Ẹ má kàn ṣá kó o ti ògiri. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ikán ń wá ibi tó tutù, abẹ́ koríko tó fara ti ilé ni yóò sì gbà dé ara férémù yín.

Ẹ wòkè náà. Imọ̀ ọ̀pẹ tó ti kú, tó rọ̀ sílẹ̀ lára igi, kí a gé e kúrò. Ẹ̀ka máńgòrò tàbí mẹ̀línà tó ń na ọwọ́ sórí páànù, kí a ké e. Èyí tó bá sún mọ́ wáyà iná, kí a pe àwọn oníná, nítorí ẹni tó gun igi lọ bá wáyà ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Iná ìgbẹ́ kì í ṣàdédé wáyé. Ènìyàn ló ń dá a: ọdẹ tó ń lé ọ̀yà jáde, àgbẹ̀ tó ń sun oko, ẹni tó ju ìdí sìgá sínú koríko, ará ilé tó fi iná sí ààtàn tó wọlé lọ jẹun. Ní ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ tó dákẹ́ ní agogo mẹ́fà àárọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ gidi nígbà tí oòrùn bá ti yọ dáadáa, iná kékeré tí a rò pé ó wà níkàáwọ́ wa á sì di ti aládùúgbò. Àwọn tó ní oko kòkó mọ ìbànújẹ́ rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní 1983, nígbà ọ̀dá ńlá tó mú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, iná ìgbẹ́ jó oko kòkó lọ rẹpẹtẹ ní Gánà. Igi kòkó tí iná bá pa, bí ọdún mẹ́ta dé márùn-ún ni à ń dúró de òmíràn kó tó so. Ẹni tó bá ní oko lẹ́yìn ìlú, kó ro etí oko náà yípo títí ilẹ̀ yóò fi hàn kedere, kó sì gbá ewé gbígbẹ kúrò lójú ìlà náà léraléra, torí pé ewé ń já lójoojúmọ́ nínú ọyẹ́. Èmi ò gbà pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni sun ìdọ̀tí láàárín ìlú láti oṣù Kejìlá títí òjò yóò fi rọ̀. Ààtàn lè dúró. Ilé ò lè dúró.

Omi ni ọ̀rọ̀ tó gùn jù. Orí àpáta líle tó ti pẹ́ láyé ni Èkìtì jókòó sí. A ń rí ibi tó ti yọ orí jáde, bíi Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́. Àpáta náà fúnra rẹ̀ kì í gba omi. Inú ilẹ̀ tó jẹrà láti ara àpáta, tó wà lórí rẹ̀, àti ojú ibi tí àpáta ti là ni omi ń gbé, ilẹ̀ náà kò sì nípọn tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Kò sí odò abẹ́ ilẹ̀ kan tó ń ti ọ̀nà jíjìn ṣàn wá gbà wá. Òjò tó rọ̀ sórí Adó láti oṣù Kẹrin la ó máa fà títí òjò mìíràn yóò fi dé. Bí kànga ilé kan bá gbẹ ní oṣù Kejì, kò tètè sí ohun tí àdúrà onílé lè fi kún un.

Èyí ló fi ń dùn mí bí mo bá rí àgbàlá tuntun tí wọ́n fi kọnkéré bò láti ara ògiri dé ẹnu géètì. Wọ́n ní kí ẹrọ̀fọ̀ má wọlé. Ṣùgbọ́n gbogbo òjò tó rọ̀ sórí kọnkéré yẹn, inú gọ́tà òpópónà ló ń bá lọ, láti ibẹ̀ dé odò Uréje, kò sì sí ẹ̀kán kan tó padà sínú kànga onílé. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, onílé kan náà á máa dúró de ọkọ̀ olómi. Ẹ fi ibi tí ọkọ̀ ń gbà nìkan sí kọnkéré, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún koríko kúkurú àti igi eléso. Ẹni tó ti da kọnkéré náà lè gbẹ́ kòtò kan, kó kó òkúta sínú rẹ̀, kó darí omi páànù síbẹ̀ dípò ojú títì, bó bá ti jìnnà sí sálángà àti kòtò ẹ̀gbin. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Kí òjò tó dá, ẹ wọn kànga. Kò gba ẹ̀rọ kankan. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ sọ̀ ọ́ títí yóò fi kan omi, kí ẹ ta kókó sí ibi tí okùn kan etí kànga. Bí ẹ bá ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù Kọkànlá, ẹ ó rí bí omi ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ẹ ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ omi lò, kì í ṣe ọjọ́ tí korobá bá gbé ẹrẹ̀ jáde. Ìwọ̀n yìí wúlò fún ohun mìíràn pẹ̀lú. Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ kànga tuntun, tàbí tó fẹ́ gbẹ́ ti àtijọ́ jìn sí i, oṣù Kejì sí oṣù Kẹta ni àsìkò rẹ̀, nígbà tí omi ti sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó gbẹ́ kànga ní oṣù Kẹsàn-án yóò kan omi kíá, inú rẹ̀ á dùn, yóò san owó àwọn tó gbẹ́ ẹ, kànga náà á sì gbẹ kó tó di Ọdún Àjíǹde. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè ṣe kí n má sọ: ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ afami elépo sọ̀kalẹ̀ sínú kànga, ẹ má sì gbé e sí etí rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá wà nísàlẹ̀. Èéfín rẹ̀ á kún inú kànga, kò ní òórùn tí ènìyàn lè fi mọ ewu rẹ̀, ẹni tó sì sọ̀kalẹ̀ lọ yọ ẹni àkọ́kọ́ sábà máa ń kú tẹ̀lé e.

Ìfipamọ́ omi náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Òjò oṣù mẹ́fà ti fọ páànù mọ́ kí àrọ̀kúrọ̀ tó kẹ́yìn tó rọ̀, omi rẹ̀ ló mọ́ jù lọ́dún. Kí a ti fọ táńkì àti dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀ dè é. Kí gbogbo wọn ní ọmọrí tó dé wọn pa. Ẹ̀fọn tó ń tan ibà pọ́njú fẹ́ràn irú omi mímọ́ tó dúró jẹ́ẹ́ nínú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn kò sì ní kó má yé ẹyin síbẹ̀. Álọ́ọ̀mù ń mú kí omi tó rú tòrò, kì í pa kòkòrò àrùn. Omi mímu ṣì gbọ́dọ̀ hó lórí iná. Ẹ má sì gbàgbé àmù. Omi tó ń gba ara amọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gbẹ, ló ń mú ìyókù tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbẹ tó ni àmù ń ṣiṣẹ́ tó. Ìgbà ọyẹ́ gan-an ni omi rẹ̀ ń tutù jù, láìsí iná mànàmáná. Níbi tí ilé mẹ́ta mẹ́rin bá ti ń fa kànga kan ṣoṣo, kí àwọn àgbà ilé jókòó ní oṣù Kọkànlá, kí wọ́n pín wákàtí fún ara wọn, kí wọ́n sì pinnu pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ afami sí i. Ìjà orí kànga ní oṣù Kejì kì í tètè tán.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ilé fúnra rẹ̀. Ní Ìjigbò, ní Odò-Adó, ní Òkèṣà, ilé alámọ̀ ṣì wà tí a rẹ́ ní símẹ́ńtì, tí àwọn àgbà ṣì ń gbé inú wọn. Amọ̀ àti símẹ́ńtì kì í sún kì pọ̀ bákan náà bí wọ́n bá ń gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ìrẹ́ símẹ́ńtì fi ń yọ kúrò lára ògiri amọ̀ ní ìdì kan náà. Amọ̀ ni kí a fi dí amọ̀. Oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ni kí a pò ó, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀ tí omi sì wà nítòsí. Kí a gé koríko wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kó má bàa là, kí a rin ojú ibi tó là kí a tó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọ inú. Ìrẹ́ àkọ́kọ́ yóò là díẹ̀ bó bá ń gbẹ. Kí a dúró dè é, kí a fi amọ̀ tó kúnná dan án lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn baba wa tó ń mọ ilé ní ẹ̀ẹ̀rùn ń jẹ́ kí ìpele kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, sùúrù yẹn náà ni iṣẹ́ àtúnṣe ń béèrè.

Bí ògiri ò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní tòótọ́, alángbá kọ́ ni mo ń bẹ̀rù, eku ni. Láti 1969 tí a ti dá ibà Lassa mọ̀ ní ìlú Lassa, níbi tó jẹ́ Ìpínlẹ̀ Borno lónìí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń jà jù. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, aládùúgbò wa, wà lára àwọn ibi tó ti ń pọ̀ jù lọ́dọọdún, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì wà lára àwọn tó ń tọ́jú àwọn tó mú. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé e sórí oúnjẹ. Bí a bá ti kórè tán, tí iná ti jó ìgbẹ́, eku kò ní ilé mọ́ àfi tiwa. Nítorí náà, ihò abẹ́ ilẹ̀kùn, ihò páìpù ibi ìdáná, àlàfo láàárín ògiri àti páànù, kí a dí gbogbo rẹ̀ kó tó di oṣù Kejìlá. Gàrí, èlùbọ́ àti ìrẹsì, inú ike olómọrí ni ibi wọn.

Èlùbọ́ pàápàá yẹ kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọyẹ́ ni ọ̀rẹ́ ẹni tó ń sá a: iṣu tó lè hu èébu lọ́jọ́ òjò á gbẹ ketekete. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń rí i lórí àpáta àti ní etí ọ̀nà ọlọ́dà káàkiri Èkìtì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kọ́ ló yẹ ká sá a sí. Orí pẹpẹ tó ga dé ìbàdí, tapólì tó mọ́ lórí pẹpẹ, nẹ́ẹ̀tì lórí èlùbọ́, kí a sì kó o wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú: eruku, ewúrẹ́ àti eku kò ní rí i jẹ ṣáájú wa. Ká padà sí ọ̀rọ̀ Lassa: bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni nínú ilé, tí a lo oògùn ibà tí kò lọ, kí a má jókòó máa pààrọ̀ oògùn. Ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ.

Ní ti eruku, kò sẹ́ni tó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn tán. A lè dín in kù: nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tí a fọ̀ kó tó di oṣù Kejìlá, aṣọ tútù tí a fi ń nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀ tó ń gbé e sókè, fáànù tí a nù, ẹ̀yìn firíìjì tí a gbọn, fílítà jẹnẹrétọ̀ tí a yẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Àwọn tó gbé sólà sórí ilé, kí wọ́n mọ̀ pé eruku ọyẹ́ ń jẹ iná wọn lójú ara wọn. Kí wọ́n fi omi lásán fọ ojú rẹ̀ ní ìdájí, kí oòrùn tó gbóná, nítorí omi tútù lórí gíláàsì tó ti gbóná lè là á.

Ibi ìdáná fẹ́ ojú tó mú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Róbà gáàsì ń gbẹ, ó sì ń là bíi ti gbogbo ohun tó kù. Ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn rẹ omi ọṣẹ, ẹ fi pa á láti ẹnu sílíńdà dé ara sítóòfù pẹ̀lú gáàsì ní ṣíṣí. Ibi tó bá ti ń hó fùkẹ̀fùkẹ̀ ni gáàsì ti ń jáde, kí a pààrọ̀ róbà náà lọ́jọ́ kan náà. Kí korobá iyanrìn wà nítòsí, kì í ṣe ti omi nìkan, torí pé bí òróró bá gbiná nínú ìkòkò, omi á tú u ká gbogbo ilé ni. Ọmọrí la fi ń dé e pa. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìjọba ni 112, kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n sórí. Bí òtútù bá sì mú lóru, kí ẹnikẹ́ni má gbé ààrò èédú wọ yàrá tó ti fèrèsé rẹ̀ pa. Èéfín tí ojú kò rí ń pa ènìyàn lójú oorun, àti àgbà àti ọmọdé.

Àwọn kan wà nínú ilé tí ọyẹ́ ń dá lóró ju àwọn yòókù lọ: ọmọ ọwọ́, arúgbó, ẹni tó ní ikọ́ fée, àti ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí òtútù òru àti àìmu omi tó lè gbé ìrora rẹ̀ dìde. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí súẹ́tà wà nílẹ̀ kó tó di ọjọ́ tí ọyẹ́ dé, kí oògùn rẹ̀ má tán nílé, kí omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Òrí tàbí àdí, kété tí a bá wẹ̀ tán ni kí a fi pa ara, nígbà tí omi ṣì wà lára díẹ̀, kí ó lè dí omi náà mọ́ ibẹ̀.

Adìẹ náà yẹ ní ìmúra. Lùkúlùkú ń gbá odidi agbo lọ nígbà ọyẹ́, ọ̀pọ̀ ilé ló sì gbà pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, èyí tí a ń fún wọn nínú omi mímu náà wà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko tó wà ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é, àwọn dókítà ẹran ní Adó sì ń tà á. Oṣù Kọkànlá ni kí a ti fún wọn. Kí omi tí a pò ó sí jẹ́ ti kànga tàbí ti òjò, kì í ṣe èyí tí a da Hypo sí, nítorí yóò pa àjẹsára náà. Òwúrọ̀ kùtù, nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ àwọn adìẹ, ni wọ́n ń mu ún tán kíákíá.

Títí dé ibí yìí, yàtọ̀ sí kànga gbígbẹ́, ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ tí mo kà ti gbọdọ̀ parí kí ọyẹ́ tó mú. Ọ̀kan ló kù tí à ń fi dúró di òpin rẹ̀: òrùlé. Oṣù mẹ́ta gbígbẹ ti fa omi inú igi àjà tán, igi ti sún kì, ìṣó tó di páànù mú ti ní àyè tí yóò fi máa mì. A kò ní mọ̀, nítorí òjò kò rọ̀. Ìjì tó ń ṣáájú àkọ́rọ̀ òjò, ní oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin, ló ń wá rí àyè náà. Ìdí nìyí tí àkọ́rọ̀ òjò fi ń ká páànù ilé, ti ilé ìwé àti ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọọdún ní Èkìtì. Ìparí oṣù Kejì ni kí káfíńtà gun òkè. Kó fọwọ́ kan ìṣó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àgàgà ní etí òrùlé níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kọ́kọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Kó pààrọ̀ èyí tó bá ń mì sí èyí tó gùn jù ú lọ, kì í ṣe kó kàn gbá a padà sínú ihò àtijọ́. Kó sì wò ó bóyá irin tó de igi òrùlé mọ́ orí ògiri ṣì dì í mú.

Kí ó tó sọ̀kalẹ̀, kó kó ewé àti eruku inú gọ́tà kúrò. Nígbà tí òjò bá wá dé, ẹ má tíì gbé dúrọ́ọ̀mù síta. Ìgbẹ́ alángbá, ti ẹyẹ àti eruku oṣù mẹ́rin ni yóò wà nínú omi tó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí páànù. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ àti èkejì ṣàn lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbe omi láti orí ẹ̀kẹta.